Ẹ má fi omi du bàbá: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń tọ́jú aláìsàn ìtọ̀ àti inú nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí màmá nílé, pàápàá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ti kó lọ Èkó tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa fi omi du aláìsàn. Òun ni mò ń rí jù. Wọ́n á ní kí bàbá má mumi mọ́ látọ̀sán kí wọ́n má baà tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kí báàgì ìtọ̀ má baà tètè kún, màmá tó ń ṣu gbuuru náà wọ́n á ní omi tó ń mu ló ń jáde. Irọ́ ni o. Kí wọ́n dín in kù díẹ̀ bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sùn ò burú, àmọ́ látọ̀sán kẹ̀? Ìtọ̀ tó ti ṣú, tó ń rùn, omi ló sábà máa ń fẹ́. Àfi ẹni tí dókítà bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọkàn tàbí kíndìnrín ẹ̀ ò gba omi púpọ̀.

Ẹni tí wọ́n ki rọ́bà ìtọ̀ (catheter, tó ń fa ìtọ̀ jáde sínú báàgì) bọ̀ lára, wàhálà tiẹ̀ yàtọ̀. Bó bá ti di Ojúde Ọba, ọdún ńlá Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ń múra, bàbá á ní òun ò ní jókòó sílé, kò sì sóhun tó burú ńbẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun táwọn ọmọ ń ṣe, wọ́n á ká báàgì sókè, wọ́n á so ó mọ́ ìgbànú lábẹ́ agbádá kí aṣọ lè jókòó dáadáa. Ìtọ̀ inú báàgì á wá máa ṣàn padà sínú ilé ìtọ̀ tòun ti kòkòrò. Báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ lórí àga tàbí nínú mọ́tò. Èyí kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ ṣòkòtò wà, ẹ bi nọ́ọ̀sì. Nílé, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má fara kan ilẹ̀, ẹ dà á nù kó tó kún, ẹ fọwọ́ ṣáájú, ẹ fọwọ́ lẹ́yìn.

Ẹ má fa rọ́bà yẹn o! Bọ́ọ̀lù kékeré kan tí wọ́n fi omi kún ló dì í mú nínú lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fà á, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí. Ẹ má sì fi Dettol tàbí Izal fọ ojú ibẹ̀, ọṣẹ àti omi ti tó lójoojúmọ́. Bí wákàtí mẹ́rin bá kọjá tí ìtọ̀ kankan ò wá sínú báàgì, tí abẹ́ ikùn ń le, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti ká sábẹ́ itan. Tí kò bá ká, ọsibítù yá, ẹ má pe alágbo.

Ká wá sọ ti ìgbẹ́ gbuuru. ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru) ọ̀rá kan, lítà kan ni wọ́n máa ń ṣe é fún (ẹ ka ara ẹ̀ náà), píọ̀ wọ́tà ọlọ́ràá 50cl kan ò tó, méjì ni. Ẹni tó pò ó mọ́ ẹyọ kan, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tí ORS ò bá sí, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà géérégé, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, sínú lítà omi kan tó mọ́, tó bá ti pé ọjọ́ kan ẹ dà á nù. Bí wọ́n bá bì í, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣíbí fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ebi pa wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru là ń fún ní Flagyl (oògùn apakòkòrò). Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà ńbẹ̀, ẹ má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ti ọgbẹ́ inú, gàrí Ìjẹ̀bú ni gbogbo ayé ń bú torí ó kan. Tó bá ń ta inú wọn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, àmọ́ èmi ò gbà pé gàrí ló jẹ̀bi jù. Kòkòrò kan wà tó ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ tí oògùn ọsibítù ń pa, èkejì ni oògùn ara ríro, ibuprofen, diclofenac, àti lúlúù orí fífọ́ tí aspirin wà nínú ẹ̀, tí bàbá ń rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wọn wò. Tí wọ́n bá wá ṣu ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì, tó sì ń rùn gan-an, inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ lóru, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.