Níbo Gan-an Ló Ń Dùn Yín?

Ẹni tó bá ti kun ewúrẹ́ rí ti rí púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú ara ènìyàn. Ẹ la àyà ẹran: ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, tí àwọn alápatà ń pè ní fùkù, wà níbẹ̀, ọkàn sì wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọkàn yín kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ yín lọ, síbẹ̀ bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń lù nígbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Eegun ìhà 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, ló ṣọgbà yí wọn ká.

Iṣan pẹlẹbẹ kan dábùú lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Lábẹ́ rẹ̀, lápá ọ̀tún, ni ẹ̀dọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń da ẹ̀dọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró nítorí orúkọ, àmọ́ èémí niṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ sì ń pa oró inú ẹ̀jẹ̀. Àpòlúkù wà lápá òsì. Ti ewúrẹ́ pín sí yàrá mẹ́rin. Tiwa jẹ́ ẹyọ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun.

Tí a bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, "inú ń run mí" là ń sọ. Inú gbòòrò! Ẹ fi ìka kan tọ́ka síbi tó ń dùn. Inú rírun tó bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, tí ibà àti èébì tẹ̀ lé e, lè jẹ́ àpẹ́ńdíìsì: àpò tín-ín-rín kan tó so mọ́ ìfun ńlá ló wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo sí i, torí ó lè bẹ́ sínú. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yìn ríro náà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ọkọ́ àti ẹrù fà máa ń le sí i bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀ bẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀. Kíndìnrín wà lókè díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì eegun ẹ̀yìn, níbi tí eegun ìhà parí sí. Bí ibẹ̀ bá ń dùn, tí ara gbóná, tí ìtọ̀ ń ta yín tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ má sọ pé oko ló fà á. Ọmọ tó ń wẹ̀ lódò tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ní àtọ̀sí ajá, àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Oògùn rẹ̀ wà.