Bí mo ṣe tún ètò ọludé Mòrókò tò lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì

Alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ilẹ̀ mì ní Òkè Atlas ní Mòrókò. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.8, ó sì pa èèyàn tó lé ní 2,900. Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Marrakesh ti wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá: òru mẹ́ta nínú ìlú, mẹ́ta ní Imlil, abúlé tí wọ́n ti ń gun òkè Toubkal.

Máàpù ni mo kọ́kọ́ ṣí. Agbègbè Al Haouz ni ojú ibi tó ti mì gan-an, nǹkan bí 70 kìlómítà sí Marrakesh. Tangier àti Fez jìnnà réré sí i. Ẹni tó fagi lé Tangier nítorí èyí kò yàtọ̀ sí ẹni tó sá fún Abẹ́òkúta torí omíyalé Lọ́kọ́ja.

Pápákọ̀ òfuurufú Marrakesh ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà sì dúró. Àmọ́ ìlú àtijọ́, níbi tí mo ti gba yàrá, fara gbá a: apá kan odi rẹ̀ wó, òpó mọ́sálásí kan sì wó ní Jemaa el-Fna, gbàgede ńlá ìlú àtijọ́ náà. Mo kọ̀wé sí onílé. Ẹ má ṣe béèrè pé "Ṣé ilé wà dáadáa?" Ta ni yóò sọ pé rárá? Ohun tí mo béèrè ni pé: ọjọ́ wo ni ẹnjiníà wá yẹ ilé wò? Ṣé ògiri lanu ní ìdagẹ̀rẹ́ láti igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé? Ọ̀nà mélòó ló já síta? Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kò burú. Èyí tí ìka wọ̀ ni kí ẹ sá fún. Onílé dáhùn gbogbo rẹ̀ àyàfi ti ẹnjiníà, ni mo bá kó lọ sí Guéliz, ìlú tuntun.

Imlil kò gba àròjù. Ọ̀nà tóóró kan náà ni ọkọ̀ tó ń kó àgọ́ àti oúnjẹ ìrànwọ́ ń gbà, òkúta sì lè yí lulẹ̀ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n owó àlejò ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi owó àsansílẹ̀ mi pamọ́ di ìgbà tí mo bá wá. Mo fi òru mẹ́ta náà sí Essaouira létí òkun, wákàtí mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Ẹ má fagi lé bàálù yín kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó fagi lé e. Bí wọ́n bá fagi lé e, òfin Britain ní kí wọ́n dá gbogbo owó padà láàárín ọjọ́ 7. Bí bàálù bá gbéra láìsí yín, ẹ ti pàdánù nìyẹn. Ẹni tó ra bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní òfin Britain ti ọdún 2018 lẹ́yìn: bí àjálù bá ba ìrìn àjò náà jẹ́ gidi, ó lè fagi lé e láìsan owó ìtanràn, kí owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14. Èmi rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò kàn mí. Adójútòfò kì í sanwó fún ìbẹ̀rù, èyí tí ẹ bá sì rà lẹ́yìn ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án kò ní ka ìmìtìtì yẹn sí. Bí ìjọba Britain bá ní kí ẹ má lọ, tí ẹ wá lọ, adójútòfò yín lè di asán pátápátá. Mo yẹ ìmọ̀ràn wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò.

Ilẹ̀ ṣì máa ń mì lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá, ṣùgbọ́n ó ń dín kù: ní ọjọ́ kẹwàá, iye ìgbà tó ń mì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọjọ́ kìíní. Ìdí nìyẹn tí lílọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún fi sàn ju lílọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀, mo gba yàrá ìsàlẹ̀, mo sì ń gbé bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lálaalẹ́, torí bí iná bá lọ, gíláàsì tó fọ́ ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń bá pàdé.