Bí Títì Ìjọba Bá Fẹ́ Gba Orí Ilẹ̀ Yín: Ẹ Yẹ Ìwé Wọn Wò

Ní Nàìjíríà, X pupa tí wọ́n kọ sára ilé kọ́ ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Èèkàn tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ kò gbà á, ìkéde orí rédíò náà kò gbà á. Abala 28 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún Gómìnà lágbára láti fagi lé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ nítorí àǹfààní ará ìlú, títì sì wà lára àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà ló sọ bí yóò ṣe ṣe é. Ẹni tó bá lọ sọ fún adájọ́ pé òun kò fẹ́ kí títì gba ọ̀dọ̀ òun, àfàìmọ̀ kó má pàdánù. Ẹni tó bá fi hàn pé wọ́n fo ìlànà ló ní ẹjọ́ lọ́wọ́.

Ìwé ìfagilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú: òṣìṣẹ́ ìjọba tí Gómìnà yàn fún iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ yín gan-an ló júwe. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, nítorí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ C.S.S. Bookshops ní 2006 pé ìwé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ pàtó.

Lẹ́yìn náà ni bí ìwé ṣe dé. Lójú tiwa, ibí yìí ni kí ẹ ti lo agbára yín jù. Abala 28(7) sọ pé ọjọ́ tí ìwé bá tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́, tàbí ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn tí ìwé fúnra rẹ̀ dá, ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dópin. Abala 44 sì ka ọ̀nà tó lè gbà dé: kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó ń gbé tàbí ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ gbẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà ríjísítà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì àgbà wọn ni. Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé tàbí orí ilẹ̀ wà fún ìgbà tí wọ́n bá ti wádìí tí wọn kò rí orúkọ tàbí àdírẹ́sì onílẹ̀, tí kò sì sí ènìyàn kankan níbẹ̀ tó lè gbà á. Bí C of O yín (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) bá wà nínú fáìlì wọn pẹ̀lú àdírẹ́sì yín, wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀ yín. Gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, nìkan kò tó. Ẹjọ́ Nigerian Engineering Works àti Denap ní 2001 fìdí èyí múlẹ̀. Ẹni tí kò ní C of O náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé yìí, torí abala 34 àti 36 ka ẹni tó ti ní ilẹ̀ kí òfin tó dé sí ẹni tí ìjọba fún ní ẹ̀tọ́.

Bí ìwé bá dé, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó mú un wá sórí ẹ̀dà kan, kí ẹ sì tọ́jú àpò rẹ̀. Bí kò bá dé, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìwífún ti 2011, kó béèrè ẹ̀dà ìwé ìfagilé tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, gàsẹ́ẹ̀tì, àti pláànì ojú ọ̀nà títì tó ní coordinates, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí títì máa gbà gan-an. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá gbé pláànì yẹn fún awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ SURCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀, kó fi lé orí pláànì tiyín. Ọ̀nà lè yà kúrò níbi tó wà nínú ìwé nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀sùn báyìí ni àwọn ará Okun-Ajah gbé dìde ní 2024 lórí títì etíkun Èkó sí Calabar. Ibi tí títì bá yà dé tí kò sí nínú ìwé ìfagilé, wọn kò tíì gbà á lọ́wọ́ yín lójú òfin. Fún títì márosẹ̀ àti òpópónà orílẹ̀-èdè, ẹ tún béèrè ìwé àyẹ̀wò ipa lórí àyíká tí òfin 1992 kàn nípá.

Ẹ má ṣe rò pé ibi tí ọ̀dà máa dé nìkan ni wọ́n lè gbà. Abala 51 ka ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì tí iye rẹ̀ yóò gòkè mọ́ ohun tí ìjọba lè gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi títì bojú, tí wọ́n wá fa ilẹ̀ náà lé aládàáni lọ́wọ́ fún òwò tirẹ̀, ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ti 1991 ni kí lọ́yà yín mú lọ.

Ẹ má da ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú pọ̀ mọ́ èyí. Lórí ilẹ̀ lásán, owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn nìkan ni abala 29 mọ̀. Ilé ń gba iye tí a ó fi kọ́ òmíràn, wọ́n á yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi èlé báńkì kún un bí wọ́n bá pẹ́ san án. Irúgbìn ní iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba gé fún un, nítorí náà ẹ ka igi kòkó, obì àti ọ̀pẹ yín níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò wọn kí katapílà tó dé. Àríyànjiyàn lórí iye ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpín ilẹ̀, abala 30. Abala 47 sì gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn kọ́ọ̀tù lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ síwájú kọ́ọ̀tù tàbí ìgbìmọ̀ tó lágbára. Ìfagilé tí kò tọ́ ni kí ẹ fi ṣáájú ẹ̀bẹ̀ yín. Owó, kí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ kejì bí àkọ́kọ́ bá kùnà.

Fífi nǹkan falẹ̀ ló ń ba ẹjọ́ báyìí jẹ́ jù. Kọ́ọ̀tù kì í dá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán dúró, nítorí náà ẹ béèrè àṣẹ ìdádúró kí wọ́n tó wó ilé. Ìjọba yóò sì sọ pé oṣù 3 ni òfin ààbò òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín láti pẹjọ́. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ gbígba ilẹ̀ padà lè wà lára ohun tí òfin yẹn kò kàn, àmọ́ ẹ má fi ẹjọ́ yín dánrawò. Bó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún wọn ṣáájú.

Bí wọ́n bá gbé ṣẹ́ẹ̀kì wá nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ẹ má buwọ́ lu ìwé tó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kí lọ́yà kọ́kọ́ kà á. Bí ẹ bá sì máa gbà á, kí ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ kò tipa bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀. Ti ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ni kó pẹjọ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àdúgbò lápapọ̀, ẹ rántí pé abala 29(3) gba ìjọba láyè láti san owó náà fún baálẹ̀ tàbí olórí. Ẹ ti kọ ìwé àdéhùn bí ẹ ó ṣe pín in kó tó dé ọwọ́ ẹnì kan.