Bí a ṣe lọ díje ẹja báàsì ní Sam Rayburn, tí Màmá ń retí ọbẹ̀ nílé

Ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ wa ní Houston lóṣù kẹta, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń kó ọ̀pá ìwọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n yọjú láti kíṣìnì, wọ́n ní ṣé káwọn ti gún ata sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá tó dàgbà sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ pé ẹja tí a fẹ́ lọ pa yìí, a máa dá a padà sómi ni, àti pé a ti san 100 dọ́là fún un?

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ báàsì. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí wọ́n ń kẹ́ ju mọ́tò wọn lọ. Ìdíje tí a forúkọ sí kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ẹja jẹun lórí tẹlifíṣàn o. Ti àdúgbò ni: ọkọ̀ bíi 30, èèyàn méjì méjì, bàbá àtọmọ, tọkọtaya, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́. Wọ́n gbà kí ọmọdé bá òbí rẹ̀ wọkọ̀, nítorí náà ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ṣe bá wa lọ. Òun kò nílò láísẹ́ǹsì, torí Texas kì í béèrè é lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Èmi san 30 dọ́là fún tèmi. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ni dandan fún un ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, òfin ni, mo sì dúpẹ́ pé òfin ni, torí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni, à bá ṣì máa jiyàn.

Inú igbó igi páìnì ní ìlà oòrùn Texas ni adágún Sam Rayburn wà. Odò Angelina ni wọ́n sé lọ́dún 1965 tó di adágún tó fẹ̀ ju éékà 110,000 lọ. Èèyàn lè wà níbẹ̀ látàárọ̀ kó má rí etí kejì dáadáa.

Kí n tó sọ ohun tójú wa rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ àkókò yẹn. Tí òtútù bá ń lọ, báàsì á gbéra láti ibi jíjìn, á máa bọ̀ wá sí etí omi láti yé. Ṣùgbọ́n kò ní yé títí omi yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tó nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Kó tó di ìgbà yẹn, á dúró sójú ọ̀nà, lẹ́bàá koríko abẹ́ omi, á máa jẹun bí ẹni tó ń jẹ sààrì. Ìgbà yẹn ni abo rẹ̀ máa ń tóbi jù, torí ẹyin kún inú rẹ̀. Báàsì tó tóbi jù tí wọ́n tíì fi ìwọ̀ mú ní Texas, 18.18 pọ́n-ùn, oṣù kìíní ọdún 1992 ni wọ́n mú un, ní Lake Fork. Bọ̀dá sọ ìtàn ẹja yìí lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ìlú Jasper.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi tú gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá wà wá tààrà lọ síbi tí wọ́n ti rí towó ṣe lọ́dún tó kọjá. Wákàtí méjì gbáko, a ò rí nǹkan kan. Koríko tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ti kú, ẹ̀rọ ojú ọkọ̀ sì ń sọ pé omi ò ju 53 lọ. Èmi ti ń wo ojú Bọ̀dá, n kò lè sọ pé ká kúrò, ọkọ̀ wọn ni, àna mi sì ni wọ́n. Ọmọ mi ló là á.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja ló wà níbí àbí ìtàn?"

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa ìwọ̀ wọlé. A sáré lọ sí etí apá àríwá, ibi tí igi páìnì ti dí atẹ́gùn tútù lọ́nà, tí oòrùn sì ti ń pa á látàárọ̀. Omi ibẹ̀ jẹ́ 58. Koríko hydrilla wà nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà.

Ìjẹ tí gbogbo ará ibẹ̀ ń lò nírú àsìkò yìí ni ike pupa pẹlẹbẹ kan tó ṣe bí ẹja, tí ọta wẹ́wẹ́ wà níkùn rẹ̀. Tó bá wà nínú omi, ó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní pupa náà ló ń jọ alákàṣà kéékèèké tó máa ń jáde látinú ẹrẹ̀ nígbà yẹn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: jù ú, jẹ́ kó rì títí yóò fi kan orí koríko, kó o wá máa wá a bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Koríko á dì í mú. Má ṣe fà á bí ẹni ń fa omi ní kànga, já a gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ọrùn ọwọ́. Bó ṣe ń já bọ́ lára koríko yẹn gan-an ni ẹja máa ń gbé e. Mo ti rò pé á fà mí lọ́wọ́ gan-an ni, àṣé kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn kàn wúwo lójijì, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gbé ṣòkòtò jíìnsì tó ti mumi kúrò nínú báfù. Lẹ́yìn náà ni ṣòkòtò yẹn wá gbọn orí.

Ọmọ mi mú tiẹ̀. Ẹja náà fò sókè, ó la ẹnu, a rí pupa ọ̀fun rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí pátákó ìwọ̀n, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo ká ìrù rẹ̀ pọ̀: íńṣì 13 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òfin ní 14. Ó ní ká tún un wọ̀n. A tún un wọ̀n. Ó fúnra rẹ̀ dá a sómi, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tó máa fi di aago méjìlá, ẹja márùn-ún tí wọ́n gbà láyè ti pé wa lọ́wọ́, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí omi abẹ́ ọkọ̀. Ibí yìí ni mo ti ṣe tèmi. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fa omi tuntun sínú àpótí yẹn. Mo yí bọ́tìnì rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kó máa sinmi, kí bátìrì má bàa tán. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹja karùn-ún sì ti gbé ìjẹ wọ inú ọ̀fun, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àpótí lẹ́yìn wákàtí kan, inú rẹ̀ funfun ló kọjú sókè. Mo dì í mú létí ọkọ̀, mo ń tì í síwá sẹ́yìn kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ó ti kú. Bọ̀dá ò bá mi wí. Wọ́n kàn na ọwọ́ kọjá mi, wọ́n yí bọ́tìnì náà síbi tó yẹ. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n pariwo lọ.

Lórí ìwọ̀n, a ní pọ́n-ùn 13 àti áúǹsì 10. Ẹja òkú kan, wọ́n yọ áúǹsì 8. Ẹni tó ṣe ipò karùn-ún, tó gba owó kẹ́yìn, ní pọ́n-ùn 13 àti áúǹsì 5. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà, torí mo ti ṣe é títí nínú mọ́tò.

A dá mẹ́rin padà sómi. Ọmọ mi ló tú wọn sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délé. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀, Màmá ní "Ẹ kú ewu ọ̀nà," ṣùgbọ́n ojú wọn ti wà lára náílọ́ọ̀nù ọwọ́ mi. Wọ́n gbà á, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n wò wá yíká.

"Ẹ̀yin mẹ́ta. Láti òru. Ẹja kan?"

Ọmọ mi ní mẹ́sàn-án la mú, a dá mẹ́jọ padà. Màmá wò mí bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo sọ owó iléèwé nù ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n ò sọ nǹkan kan. Wọ́n há ìpẹ́ ẹja náà, wọ́n bu iyọ̀ sí i, ata tí mo ní kí wọ́n má gún ti wà nínú ìkòkò tipẹ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n bù sí àwo Bọ̀dá.

Nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n tó béèrè pé kí ló dé tí eléyìí fi bá wa wálé. Mo ṣàlàyé àpótí omi, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ tí mo yí.

"Ẹ̀rọ yẹn," Màmá ní, "tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ má wulẹ̀ tàn án rárá."