Bí Mo Ṣe Yan Búrọ́ọ̀ṣì Ìfọyín Oníná, àti Bí Mo Ṣe Ń Lò Ó

Ìdí ṣájà ni mo kọ́kọ́ yí wò. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 110–130V ni wọ́n kọ sí wọn. Iná tiwa ní Òṣogbo, 240V ni. Ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, jíjó ló máa jó. Èyí tó bá kọ 100–240V, tàbí tó ń gba okùn USB, ló bá ilé wa mu. Olókùn USB ni mo mú, torí pé power bank lè ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Kó jẹ́ bátìrì lithium ló wà nínú rẹ̀ o. Bí a bá ti ṣáàjì rẹ̀ kún, ó sábà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè orí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ bí irun rẹ̀ bá ti fẹjú, orí ilé-iṣẹ́ kan kì í sì í sábà wọ ti òmíràn. Búrọ́ọ̀ṣì tí mi ò bá ti rí orí rẹ̀ rà ní Ọjà Ọba tàbí ní ilé oògùn lápá Ọláìyá, mo fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Orí tí wọ́n kọ “Soft” sí ni kí ẹ rà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: olórí róbótó tó ń yí síwá sẹ́yìn, bíi ti Oral-B, àti olórí gígùn tó ń gbọ̀n, bíi Philips Sonicare tó lè gbọ̀n tó ìgbà 31,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń gbọ̀n ni mo mú. Aago ìṣẹ́jú méjì àti iná pupa tó ń tàn bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù ṣe pàtàkì. Bluetooth kò fọ eyín ẹnikẹ́ni.

Mo fi omi díẹ̀ rin irun rẹ̀, mo fún ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu kí a tó tan án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọṣẹ á ta sí aṣọ àti dígí. Mo pín ẹnu sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá 30 fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà á dákẹ́ fìrí láti sọ pé ó tó àkókò láti sún síwájú. Mo dagun irun rẹ̀ sí ibi tí eyín ti pàdé èrìgì, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀: ìta eyín, inú níhà ahọ́n, lẹ́yìn náà ibi tí a fi ń jẹun.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ tó ti mọ́ pákò rírin lára á fẹ́ máa fi agbára ha á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ irun náà mọ́ eyín, kò ní lè gbọ̀n mọ́. Èrìgì á máa sún kúrò lára eyín, gbòǹgbò á yọ síta, omi tútù á wá máa ta ènìyàn léyín. Orí ìka nìkan ni kí ẹ fi dì í mú. Bí èrìgì bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà eyín ló kàn.

Bí mo bá parí, mo tu ìfófò dànù, mi ò sì í fi omi yọ ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín. Mo yọ orí kúrò lára ìdí, mo ṣan méjèèjì, mo nà wọ́n ró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n gbẹ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀, ìdọ̀tí dúdú á kó sí ọrùn rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná se orí rẹ̀, irun náà á ká. Bí iná bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.