Èèrí, Ògì àti Omi: Bí Mo Ṣe Ń Palẹ̀ Mọ́ Lẹ́yìn Eré Ọmọ Ọdún Méjì

Ọmọ tí ó ti pé ọdún méjì kì í fi ojú nìkan wo nǹkan. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ dà á láti inú ife kan sínú òmíràn, ó fẹ́ tọ́ ọ wò, ó sì fẹ́ mọ̀ bí yóò ṣe fọ́n ká bí òun bá jù ú. Àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń sọ pé irú eré báyìí ń fún ìka ọmọ lókun, ó sì ń la ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, nítorí pé níbi tí ó ti ń fọwọ́ kan nǹkan ni yóò ti mọ ohun tí àgbà ń pè ní tútù, líle, rírọ̀ àti yíyọ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Wàhálà tèmi ni pé ilé àjọgbé ni à ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, iyàrá wa kò pọ̀, mo sì fẹ́ kí Fọlárìn máa ṣe eré yìí déédéé láìjẹ́ pé ilé wa ń dà bí ìsọ̀ ẹlẹ́kọ ní àárọ̀ ọjà.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà rọrùn fún mi ni pé, kí n tó gbé ohunkóhun fún ọmọ, mo máa ń bi ara mi bí mo ṣe máa kó o nílẹ̀ lẹ́yìn eré. Àwọn nǹkan kan wà tí ìgbálẹ̀ gbígbẹ máa ń kó tán, àwọn kan wà tí omi tútù máa ń fọ̀ dànù, àwọn kan sì wà tí wọn yóò fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára aṣọ àti ara ògiri ohun yòówù kí a fi fọ̀ wọ́n. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì ni mo fàyè gbà nínú ilé. Epo pupa àti àtalẹ̀ pupa, tí àwọn kan máa ń lò láti fi pa nǹkan eré láró, kò kan ilé wa rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé bí a bá fi ọṣẹ fọ aṣọ tí wọ́n ta sí tí a sì sá a sínú oòrùn ganrínganrín, àwọ̀ náà máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ rò, àmọ́ èmi kò fẹ́ wọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ṣì máa ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, hóró ẹ̀wà sì lè há a lọ́fun; bí ó bá sì tì í bọ imú, hóró náà yóò fa omi, yóò wú níbẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà ńbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí ó wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìlú Oǹdó, rí mi tí mo ń gbé ọpọ́n kalẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ìyá Fọlárìn, ṣé kì í ṣe ìrẹsì tí à ń ra dérícà rẹ̀ lówó gọbọi yìí lo fẹ́ kí ọmọ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Mo ní, “Rárá o, Màmá. Èèrí ògì ni mo fẹ́ gbé fún un.”

“Èèrí? Ìyẹn dára. Bí ó bá ti ṣeré tán, kí o dà á fún àwọn adìyẹ.”

Bí èèrí ṣe di olórí ohun ìṣeré ilé wa nìyẹn. Bí a bá ti sẹ́ ògì nílé, a ti ní i nìyẹn. Bí a kò bá sì sẹ́, mo máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń ta ògì ní Ọjà Ọba, tí wọ́n sábà máa ń kó o pamọ́ fún ẹni tí ó ní ewúrẹ́. Mo máa ń tún fi omi ṣàn án nínú asẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa dà á sínú aṣọ, tí mo máa lọ́ ọ, tí mo sì máa fún un. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó: bí mo bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí mo fún un, ó yẹ kí ó dì, kí ojú ìka mi hàn lára rẹ̀, bí mo bá sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yẹ kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ láìlẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò máa kán sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ dé ẹnu ọ̀nà iyàrá. Bí ó bá sì gbẹ jù, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́, atẹ́gùn yóò máa gbé e kiri. Ọjọ́ tí mo bá gbà á náà ni mo ń lò ó, nítorí pé kì í pẹ́ kan, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí fèrèsé aládùúgbò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni mo yàn, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ní ibi tí omi ń gbà ṣàn jáde. Mo ra tapólì irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń sá kòkó, mo sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Tapólì nìkan kò tó, nítorí pé ohun tí ó bá yí dé etí rẹ̀ yóò yí kọjá. Mo wá ká àwọn ògbólógbòó ìró gbọọrọ, mo sì tẹ̀ wọ́n sábẹ́ etí rẹ̀ yí ká, tí etí náà fi dìde díẹ̀. Ọpọ́n ìfọṣọ tí ó fẹ̀ tí kò sì jìn ni mo gbé sí àárín. Ọmọ jókòó sílẹ̀, kò dúró, nítorí pé bí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà bá ṣe ga tó ni ohun tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe fọ́n jìnnà tó.

Dérícà méjì péré ni èèrí tí mo ń dà sínú ọpọ́n náà. Ohun tí mo dì mú jù lọ nínú gbogbo ètò yìí ni èyí: ohun tí ó wà nínú ọpọ́n ni gbogbo ohun tí ó lè dà sílẹ̀. Ọmọdé kò mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Ife ike kan, ṣíbí onígi kan àti asẹ́ kékeré kan sì tó o. Bí irinṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, jíjù ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n.

Pámpásì àti síńgílẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó ni mo máa ń fi sí i lára, ìrọ̀lẹ́ kí ó tó wẹ̀ ni mo sì fi eré náà sí, kí ó má baà di pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wẹ̀ ẹ́ lóòjọ́. Kí n tó gbé e jókòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kékeré, táwẹ́ẹ̀lì, ìgbálẹ̀ àti páákà gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì. Ìyá tí ó bá dìde lọ wá ìgbálẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ọmọ kún fún èèrí yóò bá ipa ẹsẹ̀ kéékèèké dé orí àga.

Ògì tútù ni Fọlárìn fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó bá ti da omidùn orí ògì nù rí, tí ó sì gbìyànjú láti bu ohun tí ó sùn sí ìsàlẹ̀, yóò mọ ohun tí mò ń sọ: bí o bá fi ìka gún un lójijì, yóò le sí ọ, bí o bá rọra ti ìka náà bọ̀ ọ́, yóò gbà ọ́ láyè. Ìwọ̀nba tí ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo máa ń fi sínú abọ́ rẹ̀. Ó máa fún un títí yóò fi dì, yóò ṣí ọwọ́, yóò sì máa wò ó bí ó ṣe ń yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ lọ. Èmi náà a máa bá a ṣe é. Ó máa ń wu àgbà náà láti fọwọ́ kàn án.

Ìtọ́jú ògì yàtọ̀ sí ti èèrí. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí pé ohun tí omi gbígbóná ń sọ ògì dà nínú abọ́ ni yóò sọ ọ́ dà nílẹ̀ àti lára aṣọ. Ẹ̀kọ ni yóò jinná níbẹ̀, yóò sì lẹ̀ típẹ́. Èyí tí ó bá ta sílẹ̀, mi kì í sáré fi aṣọ nù ún, nítorí pé nínù náà ló ń mú un tàn ká. Mo máa ń fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó funfun, kí ó sán. Lẹ́yìn náà, ìgbálẹ̀ tó o. Èyí tí ó bá wọ irun orí ọmọ, mo máa ń jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì ń fi òòyà yọ ọ́ kí omi tó kàn án. Mi kì í sì í da èyí tí ó kù sínú síńkì, nítorí pé yóò sùn sí ìgbọ̀nwọ́ páìpù gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, yóò sì dí i. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ń dà á sí. Bí ó bá ti sílẹ̀ tán, mo máa da omi orí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, mo sì máa kó ìyókù mọ́ èèrí.

Bí mo bá fẹ́ àwọ̀, omi zóbò díẹ̀ ni mo ń kán sínú ògì náà. Aṣọ tí ó bá ta sí máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, nítorí pé bí ọṣẹ bá ti kàn án, pupa yẹn á di búlúù tàbí àwọ̀ eérú, ìyá ọmọ á sì rò pé aṣọ ti bàjẹ́. Omi tútù ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ohun tí ó bá kù, kí a tún ṣàn án, kí ọṣẹ tó kàn án. Ẹni tí ó bá ti fún ọsàn sí aṣọ kò gbọ́dọ̀ da Jíìkì, ìyẹn omi tí ń bó àwọ̀ aṣọ, lé e lórí o, nítorí pé bí omi kíkan àti Jíìkì bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde níbẹ̀, ọmọ sì wà nítòsí.

Omi lásán ni ó rọrùn jù láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́, òun sì ni mo ń ṣọ́ jù lọ. Omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ lè pa ọmọ kékeré tí ó bá dojú bolẹ̀ sínú rẹ̀, ìdí nìyí tí mi kì í fi í dìde kúrò níbẹ̀ bí fóònù bá tilẹ̀ ń dún, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọsẹ̀ náà kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ mi. Bí eré bá ti parí, mo ń da omi inú ọpọ́n jáde lójú ẹsẹ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kànga bá fà, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní ọmọrí ni mo ń gbọ́n ọn sí, òun ni a sì fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Jíjù ni ó ń fi hàn mí pé ọmọ ti ṣe é tó. Bí ó bá kọ́kọ́ ju ẹ̀kúnwọ́ kan síta, mo máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo máa dá a padà sínú ọpọ́n, mo sì máa sọ pé, “Inú ọpọ́n ni, ọkọ mi.” Bí ó bá tún jù ú, eré ti parí nìyẹn, kò sí ariwo, kò sí ìjà. Nígbà mìíràn kì í tó ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gé ìgbálẹ̀ kan kúrú fún un kí òun náà lè gbálẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ohun tí ó ń fọ́n ká pọ̀ ju ohun tí ó ń gbá jọ lọ, ṣùgbọ́n bí ìgbálẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sunkún pé mo gbé ọpọ́n kúrò.

Ọmọ ni mo ń kọ́kọ́ tọ́jú, kí ilẹ̀ tó kàn. Orí tapólì náà ni mo ti ń bọ́ ṣíńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí mo ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo sì ń fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún. Ìgbà náà ni mo tó máa gbé e kọjá etí tapólì fún bàbá rẹ̀ tàbí fún Màmá, kí wọ́n gbé e lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa gbé igun tapólì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kí gbogbo èèrí lè yí sí àárín, mo sì máa dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ló kàn, omi tútù sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fi omi ṣáájú ìgbálẹ̀ ti sọ iṣẹ́ kan di mẹ́ta. Èèrí kì í sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́jú, torí èèrà. Aládùúgbò wa tí ó ń sin adìyẹ ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kanlẹ̀kùn, abọ́ rẹ̀ sì máa ń wà nílẹ̀ dè mí.

Tapólì ni mo ń fọ̀ kẹ́yìn, pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀, tinú tòde. Mo máa ń fi í kọ́ orí okùn títí di ọjọ́ kejì nígbà òjò, nítorí pé bí mo bá ká a ní tútù, yóò bu, a ó sì tún máa gbọ́ òórùn ògì kíkan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.