Bí mo ṣe fi agbálùmọ̀ ṣe sorbet nílé wa ní Èbúté Mẹ́ta

Mílíìkì kì í bá mi lára mu, nítorí náà áìsìkirímù kì í ṣe oúnjẹ mi. Sorbet ni mo fẹ́ràn: èso, ṣúgà àti omi, kò sí mílíìkì níbẹ̀, kò sí ẹyin. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń rí rà ní Ìkòyí àti Victoria Island, sítúrọ́bẹ́rì ni ṣáá, tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, agbálùmọ̀ ń bẹ nílẹ̀ káàkiri Èkó, lórí àtẹ, nínú bárò, níbikíbi tí mọ́tò bá ti dúró díẹ̀. Èso tó kan, tó sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni sorbet tún ń wá? Mo ṣe é, ó dára, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe áìsìkirímù ni mo fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ nínú, ó ń mú ara rẹ̀ tutù. Ó wúwo, ó sì wọ́n. Èkejì, tí í ṣe tèmi, abọ́ kan ló ní tí ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, omi kan sì wà láàárín ìlọ́po méjèèjì tí wọ́n dí pa. Abọ́ yìí lẹ óò kọ́kọ́ gbé sínú fíríísà títí omi inú ara rẹ̀ yóò fi dì gbagidi. Lẹ́yìn náà lẹ óò gbé e sórí ẹ̀rọ, mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ á máa yí i, ọwọ́ kan bí orógùn tó dúró láàárín á sì máa ha ohun tó bá dì mọ́ ara abọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kó wo ìdí ẹ̀rọ dáadáa kó tó kì í bọ iná: 120 ni fóòtì (volt) iná tiwọn níbẹ̀, 230 ni tiwa. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà, orí wáyà rẹ̀ pàápàá bá ihò ara ògiri wa mu.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní kí abọ́ lo wákàtí 24 nínú fíríísà tó tutù dé -18°C. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kì í ṣe ará Èbúté Mẹ́ta. Band B, ìpele kejì nínú ìpele tí àwọn iléeṣẹ́ iná pín àdúgbò sí, ni wọ́n kọ àdúgbò wa sí. Lórí ìwé, wákàtí 16 ló yẹ ká fi rí iná lójúmọ́, àwọn Band A ni wọ́n ṣèlérí 20 fún. Wákàtí 16 náà kì í sì í wá ní ìtẹ̀léra. Fíríísà kékeré orí fíríìjì mi, kó tó mú abọ́ náà tutù tán, iná á ti lọ, òtútù á ti tú.

Ẹni tó ní òtútù ní àdúgbò wa ni Màmá Ìbejì ìsàlẹ̀ ilé, tó ń ta píọ̀ wọ́tà àti mínírà. Fíríísà gbọọrọ tó ń ṣí láti òkè ni tiwọn, ó sì máa ń kún dẹ́nu. Fíríísà tó kún máa ń di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ, tí wọn kò bá ṣí i. Èyí tó bá kún dé ìdajì, nǹkan bí 24. Àmọ́ fíríísà ọlọ́jà kò ṣeé má ṣí, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni abọ́ mi gbọ́dọ̀ wà.

"Ẹ kú ọjà, Màmá."

"Bàbá Ṣeun, kí lo gbé dání yẹn, tó ń dún wọ̀lọ̀ wọ̀lọ̀?"

"Abọ́ tí mo fẹ́ fi ṣe áìsìkirímù ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ píọ̀ wọ́tà tí ẹ ò ní tíì tà lónìí."

Wọ́n wò mí títí. "Tó bá bú gbàù nínú fíríísà mi, ìwọ lo máa ra òmíràn o."

Mo ti fi náílọ́ọ̀nù wé e, kí yìnyín má bàa dì sínú rẹ̀. Wọ̀lọ̀ wọ̀lọ̀ tí wọ́n gbọ́ yẹn gan-an ni ẹ óò fi dán an wò. Bí ẹ bá mi abọ́ tí ẹ ṣì ń gbọ́ ọ, kò tíì dì. Ẹ dá a padà.

Agbálùmọ̀, Oyíńgbò ni mo ti rà á, nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè tó ń ti Agbádó bọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ ti pọ́n yíká, tó rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ni kí ẹ ṣà. Èyí tó fúnra rẹ̀ já bọ́ dùn ju èyí tí wọ́n ká ní tútù lọ, oje rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oje yẹn ni ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ẹni tó bá ti jẹ agbálùmọ̀ mọ bí ètè ṣe ń lẹ̀ mọ́ ètè, ta ló fẹ́ irú ìyẹn nínú sorbet? Èèpo ló pọ̀ sí jù, nítorí náà n kò lo èèpo rárá. Mo fi òróró pa ọwọ́ àti ọ̀bẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ (omi àti ọṣẹ kì í ká oje agbálùmọ̀, òróró ló ń ká a), mo là wọ́n, mo sì gba ẹran inú wọn àti kóró sínú abọ́ kan.

Ẹ má da kóró pọ̀ mọ́ ọn nínú bílẹ́ńdà. Ọwọ́ ni mo fi pò ó, mo bu omi díẹ̀ sí i títí ẹran fi bọ́ lára kóró, mo wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í gba inú asẹ́. Èyí tó jáde ni mo dà sínú bílẹ́ńdà fún ìṣẹ́jú kan, mo sì tún sẹ́ ẹ. Ìgbà kejì yìí ṣe pàtàkì, fọ́nrán àti oje tó ti dì pọ̀ ló kù sórí asẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò yá, ẹ̀yìn sì dun mí díẹ̀. Ṣeun kó gbogbo kóró lọ fọ̀, ó ní òun fẹ́ fi ṣeré ní ilé ìwé.

Nígbà tí mo ti ní 700 gíráàmù, mo gbé ṣúgà 220 gíráàmù àti omi 200 mílílítà kaná. Kò nílò kó hó fún ìgbà pípẹ́. Tí ṣúgà bá ti yòrò, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi oyin ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí i, àti iyọ̀ fín-ín-fín. Oyin máa ń jẹ́ kí sorbet rọ̀ ju bí ṣúgà lásán ṣe lè mú un rọ̀ lọ. Nígbà tí omi ṣúgà yìí ti tutù, mo pò ó mọ́ agbálùmọ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti tọ́ ọ wò.

"Bàbá Ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ṣúgà sí tíì! Ṣé àtọ̀gbẹ lẹ̀ ń wá ni?"

Òótọ́ ló sọ, ó dùn jù lẹ́nu nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń pa adùn lórí ahọ́n. Ohun tó dùn jù nígbà tí kò tíì tutù, tó bá dì tán, yóò wọ̀n níwọ̀n. Èyí tó ju ìyẹn lọ ni pé kì í ṣe tìtorí adùn nìkan ni ṣúgà fi wà níbẹ̀. Omi lásán ń dì ní òdo. Tí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dì. Nígbà tó bá sì ń dì, omi nìkan ló ń di yìnyín, ṣúgà ń ṣẹ́ kù sínú èyí tí kò tíì dì. Bí omi yẹn ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ló ń ki, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣòro sí i fún un láti dì. Kódà nínú fíríísà tó wà ní -18, díẹ̀ á ṣì kù láàárín àwọn hóró yìnyín tí kò ní dì. Òun ni ṣíbí ń bá wọlé. Ẹni tó bá dín ṣúgà kù tìtorí pé ó fẹ́ jẹ ohun tí kò ní pa á lára, òkúta ni yóò bá nínú abọ́. Ẹni tó bá sì ki ṣúgà bọ̀ ọ́ jù, kò ní dì rárá, á kàn máa ṣàn bí ògì. Nínú 100 gíráàmù àpòpọ̀, kí gbogbo ṣúgà, ti inú èso àti èyí tí ẹ fi sí i, wà láàárín 25 sí 30.

Ta ló mọ iye ṣúgà tó wà nínú agbálùmọ̀ tó rà lọ́jà? Ẹyin ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ẹyin tútù tí kò tíì pẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ kọ́kọ́ jù ú sínú omi lásán. Tó bá léfòó níbẹ̀, ó ti pẹ́, ẹ wá òmíràn. Tó bá rì, ẹ gbé e sínú àpòpọ̀ yín, ẹ tì í wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí i bóyá á padà wá sókè. Tó bá rì síbẹ̀, ṣúgà kò tó. Tí ojú rẹ̀ tó yọ sókè bá tó ojú èékánná àtàǹpàkò, ó ti dára. Tó bá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bu omi sí i. Tèmi yọ díẹ̀, n kò fi ohunkóhun kún un mọ́. Èso tó bá ki púpọ̀ lè gbé ẹyin dúró láìjẹ́ pé ṣúgà tó, ìdí nìyẹn tí mo fi sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Àpòpọ̀ náà sun inú fíríìjì mọ́jú. Ẹ má ṣe fo ibí yìí. Òtútù tó wà nínú abọ́ kò pọ̀, tí ẹ bá da ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, kó tó mú un dì, òtútù á ti tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ̀kalẹ̀ lọ gbé abọ́. Mo mì ín, kò dún. Mo nu ara rẹ̀ kíákíá, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo tan án kí n tó da nǹkan sí i. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dà á kí ẹ tó tan án, ara abọ́ ni yóò dì mọ́ lójú ẹsẹ̀, mọ́tò á sì há. Kò gbọdọ̀ kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́, nítorí á wú. Iná lọ láàárín, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n iná díẹ̀ ni mọ́tò náà ń jẹ, ínfátà gbé e.

Ìdí tí a fi ń yí i ni pé, yìnyín tí a kò bá jẹ́ kó sinmi kì í ráyè di hóró ńlá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, omi lásán lẹ óò máa wò. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀, ohùn mọ́tò sì yí padà. Nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ó ti dúró lórí ṣíbí. Mo dá a dúró. Ní ìpele yìí ó rọ̀ gan-an, ẹ lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó le díẹ̀, ẹ kó o sínú ike pẹrẹsẹ, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù lé ojú rẹ̀, kó lo wákàtí mélòó kan nínú fíríísà.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ yí i. Nancy Johnson, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ áìsìkirímù alọ́wọ́yí ní 1843, yìnyín àti iyọ̀ ló sì fi ń mú un tutù. Ẹ fọ́ yìnyín tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sí i, á tutù jìnnà sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ gbé kòkò onírin sáàárín rẹ̀, kí ẹ máa ro ó, kí ẹ máa ha á. Apá á ro yín o.

Abọ́ àkọ́kọ́, Màmá Ìbejì ni mo gbé e fún. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún jẹ. "Agbálùmọ̀ lèyí lóòótọ́! Kò tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu." Kíkan rẹ̀ yọ ju adùn rẹ̀ lọ, bí mo ṣe fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́. Wọ́n bi mí bóyá a lè máa ṣe é tà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ tiwa tán.

Kò yẹ kó pẹ́ nínú fíríísà nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó bá yọ́ díẹ̀ tó tún dì, hóró kéékèèké ló máa ń yọ́ dànù, omi wọn á wá dì mọ́ ara àwọn ńlá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Tó bá yọ́ pátá láìtíì bàjẹ́, ẹ dà á padà sínú ẹ̀rọ, á tún ṣe.

Tí ìgbà agbálùmọ̀ bá ti kọjá, máńgòrò á gbà á. Òun ki fúnra rẹ̀, kò sì kan, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ dín ṣúgà kù nítorí adùn ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó nílò sísẹ́ dáadáa nítorí fọ́nrán. Bàrà ti ní omi jù, ẹ má bu omi sí i rárá, inú omi rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti yọ́ ṣúgà. Kí ẹ sì fi omi tí kò gbóná fọ abọ́ ẹ̀rọ nígbà tó bá ti yọ́ tán, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó tún gbé e lọ bá ẹni tó ní fíríísà.